Ọjọ́ Tí Iná Bá Dúró

Ìlà pupa tí Mojísọ́lá ń fà gba etí Abúlé Adó kọjá lójú kọ̀ǹpútà dúró lójijì. Àwòrán ilẹ̀ náà fọ́ sí wẹ́wẹ́, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, iṣẹ́ àárọ̀ di òfo. Mojísọ́lá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ìhà ògiri, Kazeem ń tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ tirẹ̀, èyí tí òun náà kò dáhùn mọ́. Ìgbà kẹta nìyí tí ẹ̀rọ méjèèjì yóò kú pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá wọn kò béèrè ohunkóhun. Ó jáde lọ pe ọlọ́pàá, nígbà tí oòrùn yóò sì fi wọ̀, Kazeem ti wà ní sẹ́ẹ̀lì.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Ẹ̀rínọlá Akíntúndé ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú bí ó bá dúró pẹ́, tí kì í sì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ títí yóò fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà fẹsẹ̀ tẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ sọ fún un pé kí ó má ṣe fi àkókò ṣòfò.

"Ọ̀la ni a ó gbé ọmọkùnrin náà lọ sí kóòtù. Ó ba dúkìá jẹ́. Ṣáà lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn kí ìwé rẹ̀ lè pé."

Lórí bẹ́ńṣì iwájú káńtà, Wòsílátù, ìyá Kazeem, jókòó ti abọ́ oúnjẹ tí ọmọ rẹ̀ kò jẹ.

"Màdámù, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ?"

"Ìyá, mi ò tíì mọ ohun tí ó ṣe."

"Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀rínọlá wo abọ́ oúnjẹ náà. Ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde.

*

Ọ́fíìsì náà wà nínú ilé kan ní Fẹ́sítákì, ní kílóòsì kan tí kò jìnnà sí Àfẹ́núù Kẹrin. Olúgbóyèga Ògúnjìnmí ni ó ni ín. Awọnlẹ̀ ni ó jẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nísinsìnyí, òun, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dádì, àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán ilẹ̀ fún ẹni tí ó bá bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni wọ́n tò sí yàrá náà, mẹ́ta ní ìhà ilẹ̀kùn, mẹ́ta ní ìhà ògiri, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì, tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun ti lò tán. Ẹ̀keje, tí ó tóbi jù wọ́n lọ, dá wà ní kọ̀rọ̀. Ìyá ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn mẹ́fà tó kù ti ń fi waya gba gbogbo ohun tí wọ́n nílò.

"Ọ̀rọ̀ náà ò le, Màdámù," ni Ògúnjìnmí wí. "Ọmọ onílẹ̀ ni Kazeem. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń du ilẹ̀ Abúlé Adó tí à ń ya yìí mọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni iṣẹ́ Mojísọ́lá ṣègbé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọmọ yẹn wà níbí."

"Ẹ̀rọ tirẹ̀ ńkọ́, Dádì?"

"Ó ń kú pẹ̀lú."

"Ta ló ń pa ìyẹn?"

"Òun náà ni. Kí a má baà fura sí i."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Àwọn kan wà tí wọ́n ní sùúrù."

Ẹ̀rínọlá wo Mojísọ́lá, tí ó jókòó sí ìdí ẹ̀rọ tirẹ̀ ní ìhà ilẹ̀kùn. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o rí i kí ó fọwọ́ kan nǹkan rẹ?"

"Rárá mà. Ẹ̀yìn ni ó máa ń wà. Àmọ́ tó bá ti wọlé báyìí, àyà mi á ti máa já."

"Ta ló yẹ ẹ̀rọ wọ̀nyí wò?"

"Henry, ẹni tó ṣètò wọn fún wa," ni Ògúnjìnmí dáhùn. "Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Apple Junction. Ó ní kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ, pé ọwọ́ ènìyàn ni."

Iná ni Ẹ̀rínọlá kọ́kọ́ fura sí. Ó béèrè bí iná kílóòsì wọn ti ń ṣe sí, Ògúnjìnmí sì sọ fún un pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé tiransífọ́mà tuntun wá, pé láti ìgbà náà ni iná ìjọba ti ń dé tí ó sì ń dúró pẹ́, ohun tí ojú wọn kò rí rí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ bá a lára mu. Iná tuntun, iná tí ó lágbára jù, ẹ̀rọ àtijọ́. Ṣùgbọ́n fìríìjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ń ṣiṣẹ́. Fáànù ń yí. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin yòókù, tí wọ́n ń mu iná kan náà, kò kú rí. Iná tí ó bá lágbára jù kì í ṣa ẹni tí yóò pa. Ó fi èyí sílẹ̀, ó sì padà sí àgọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó ti ń ro ó.

*

Kazeem jókòó níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì kú.

"Ta ló rán ẹ?"

"Sí ibo, Màdámù?"

"Má bá mi ṣeré, ó rẹ̀ mí. Wọ́n ní ẹbí rẹ ló ní kí o ba àwòrán ilẹ̀ Abúlé Adó jẹ́."

"Ẹbí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwòrán ni mò ń yà. Wọ́n rò pé káàdì ìpè ni mò ń tà." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà sì yára kú. "Ẹ bi Àǹtí Mojí. Ti Abúlé Adó ló ṣègbé lẹ́ẹ̀kẹta. Ti àkọ́kọ́, pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ni. Ti ìkejì, ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì Dádì fẹ́ máa sin òkú sí ni. Àbí ẹ rò pé mò ń bá òkú du ilẹ̀?"

Ẹ̀rínọlá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun kan já bọ́ nínú ẹ̀sùn náà lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà ilẹ̀ baba rẹ̀ kò ní í bẹ̀rẹ̀ láti orí pápá àwọn ọmọ iléèwé.

"Ó dára. Nígbà náà, kí ló dé tó jẹ́ pé ìgbà tí o bá dé ni ẹ̀rọ ń kú?"

"Ìgbà tí iná bá dé ni èmi máa ń dé, mà."

"Ṣàlàyé."

"Jẹnẹrétọ̀ Dádì kéré. Ìyá àti àwọn mẹ́ta ìhà ilẹ̀kùn nìkan ló lè gbé. Ìdí ògiri ni èmi wà, èmi ni wọ́n gbà kẹ́yìn, ẹ̀rọ mi náà ló dé kẹ́yìn. Iye àwòrán tí mo bá yà ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún mi, wọn ò sì ní sun epo nítorí èmi nìkan. Nítorí náà, mo máa ń jókòó sílé. Tí gílóòbù ẹnu ọ̀nà wa bá tàn, màá sáré. Tí wọ́n bá mú un, ọjọ́ tèmi parí nìyẹn. Ọmọ Iná ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì."

"Àwọn méjì yòókù ní ìhà ògiri ńkọ́?"

"Wọn kì í sábà lo ìyẹn, àfi tí iṣẹ́ bá pọ̀."

Ẹ̀rínọlá fi ìka kà á lórí tábìlì. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń wọ yàrá náà pọ̀, ó rí i nísinsìnyí: iná, Kazeem, àti ẹ̀rọ tí Kazeem ń tàn. Ògúnjìnmí rí Kazeem nítorí pé òun ni ó ní ojú. Iná kò lẹ́bi; òun fúnra rẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ku ọmọkùnrin náà àti ẹ̀rọ rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì tíì ya ara wọn rí. Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ti yà wọ́n báyìí.

"Dádì á dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn pé wọ́n tì ẹ́ mọ́lé," ni ó wí.

"Kí ni ìyẹn, mà?"

"Jẹun rẹ. Ìyá rẹ ti jókòó pẹ́."

*

Ó padà sí kílóòsì náà, ó sì dúró de iná. Kò sí ohun tí ó rẹni bí kí ènìyàn máa retí ohun tí kò ṣèlérí pé òun yóò dé. Lẹ́yìn ọ̀sán, fáànù yí ohùn padà, Ògúnjìnmí pa jẹnẹrétọ̀, iná ìjọba sì gba gbogbo yàrá. Ẹ̀rínọlá jókòó sí àga Kazeem.

"Mojísọ́lá, bá mi tan èyí. Lẹ́yìn náà, lọ sí ìdí tìrẹ, kí o ṣí àwòrán Abúlé Adó. Ẹ̀dà ni kí o lò."

Mojísọ́lá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì tàn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń wò wọ́n. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ògúnjìnmí fẹ̀yìn ti ògiri, ó ká ọwọ́ lérí àyà.

"Ẹ ti rí i, Màdámù. Olóríburúkú yẹn ò sí níbí, ohunkóhun ò kú."

Ẹ̀rínọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ní òtítọ́, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ro ó tó bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti dìde lọ. Ó jókòó, ó sì ń ronú sí ohun tí Kazeem sọ. Ẹni tí ó mọ̀ pé wọn yóò mú iná lọ kò ní í ṣiṣẹ́ bí ẹni tí ó ní gbogbo ọjọ́.

"Mojísọ́lá, báwo ni Kazeem ṣe máa ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Ó máa ń kánjú ni, mà. Kò lè ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tiwa. Gbogbo àwòrán tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ṣí ti gbogbo Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin lé e, á wá máa ti orí ọ̀kan bọ́ sí ìkejì kí wọ́n tó mú iná."

"Bá mi ṣí gbogbo rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí i."

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Àwòrán ń lé àwòrán. Mojísọ́lá padà sí ìdí tirẹ̀, ó fa ìlà kan, ó fa ìkejì, ó ṣí etí odò. Lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà rẹ̀ dúró. Ojú ẹ̀rọ rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kí ó tó yíjú padà, ti Kazeem ti ṣókùnkùn níwájú Ẹ̀rínọlá, ẹni tí kò fi ìka kan kàn án.

Ògúnjìnmí fa àga kan, ó sì rọra jókòó.

"Ẹ tún un tàn," ni Ẹ̀rínọlá wí. "Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fi ti Mojísọ́lá sílẹ̀ ní pípa."

Wọ́n tún ẹ̀rọ Kazeem tàn, wọ́n kó gbogbo àwòrán náà lé e lórí. Ó lọ́ra, ó mí, ṣùgbọ́n kò kú. Nígbà náà ni ó yé Ẹ̀rínọlá pé àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ni ó ń pa ara wọn, nígbà tí wọ́n bá jọ wà láàyè, tí ẹrù bá sì wúwo lórí àwọn méjèèjì. Ìdí rẹ̀ ni kò mọ̀.

"Henry sọ fún mi," ni Ògúnjìnmí wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Lẹ́yìn ìgbà kejì tí ẹ̀rọ kú, ó ní kí n má jẹ́ kí Kazeem jókòó sí ìdí ẹ̀rọ yẹn mọ́. Mi ò gbọ́."

Ẹ̀rínọlá yí àga padà sí i. "Ó ní kí ẹ lé e ni?"

"Rárá. Ó ní kí n fún un ní òmíràn nínú ẹ̀rọ tó wà ní ìhà ògiri."

*

Apple Junction ń hó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù Henry wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, Ẹ̀rínọlá sì di irin mú gùn ún. Henry, ọkùnrin ọlọ́gbọ̀n ọdún tí ó wọ dígí, dìde fún un.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó kí o tó sọ ọ́. Ìwọ lo ní ọwọ́ ènìyàn ló ń pa ẹ̀rọ Dádì?"

"Bó ṣe jọ lójú mi nìyẹn, mà."

"Ọwọ́ ta?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Henry, bí mo bá mọ̀ pé olè wà nínú ilé mi, màá ní kó jáde ni. Mi ò ní sọ pé kó dìde lórí àga yìí, kó bọ́ sórí ìyẹn. Lẹ́yìn ìkejì, o ò ní kí Dádì lé Kazeem. Àga ni o ní kí wọ́n pààrọ̀ fún un. Ìwọ ò bẹ̀rù ọmọ yẹn rárá. Àga yẹn lò ń bẹ̀rù. Kí ló wà níbẹ̀?"

Henry bọ́ dígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

"Ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ò ní díìsìkì nínú, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú nǹkan pamọ́ sí," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Àwọn tó lò wọ́n lókè òkun ti yọ ọ́ kí wọ́n tó tà wọ́n. Ọ̀dọ̀ Ìyá ni wọ́n ti ń gba gbogbo nǹkan, látorí títàn. Wàyí o, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ sí tó bá ń lò ó lọ́wọ́ kéré. Tí iṣẹ́ bá kún un, ó gbọ́dọ̀ rí ibì kan kó èyí tí kò lò lọ́wọ́ sí, kó tún lọ kó o tó bá nílò rẹ̀. Sọ́wápù ni àwa ń pè é. Ẹni tó bá ní díìsìkì, inú ilé rẹ̀ ló máa kó o sí. Ẹni tí kò ní, àfi kí ó fi waya kó o lọ sórí díìsìkì Ìyá."

"Bí ẹni tí yàrá rẹ̀ kún, tó ń gbé ẹrù lọ sí àká onílé."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an, mà. Mo gé àyè tó dá dúró fún ìkọ̀ọ̀kan wọn, márùn-ún. Àyè ẹnì kan ò gbọdọ̀ kan tẹlòmíràn."

"Mẹ́fà ni ẹ̀rọ tí mo kà."

"Ẹ̀kẹfà dé lẹ́yìn, nígbà tí wọ́n gba Kazeem. Díìsìkì Ìyá ti kún. Mo sọ fún Dádì pé a ní láti fi òmíràn kún un. Wọ́n ní kí n mánéèjì ẹ̀."

"O wá mánéèjì ẹ̀."

"Mo fún ẹ̀rọ Kazeem ní àyè kan náà tí ti Àǹtí Mojí ń lò." Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń pọ ohun kan jáde. "Kò sí èyí tó mọ̀ pé ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Ọ̀kan á kó ẹrù tirẹ̀ lé ti ìkejì lórí. Tí ìkejì bá wá lọ kó tirẹ̀, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló máa bá. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ máa dàrú sí."

"O sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí?"

"Mo rò pé wọn ò lè jọ kún lẹ́ẹ̀kan náà láéláé, mà. Ti Àǹtí Mojí ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́, ti Kazeem ń dúró de iná. Ní kílóòsì yẹn nígbà náà, tí iná bá dé, kí èèyàn tó lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan tán, wọ́n á ti mú un. Kí ẹ̀rọ Kazeem tó kún, á ti kú fúnra rẹ̀, wọ́n á sì ní iná ni. Ta ló mọ̀ pé wọ́n máa gbé tiransífọ́mà wá?"

Ẹ̀rínọlá wò ó. Ó ti bá olè pàdé, ó ti bá òpùrọ́ pàdé, ṣùgbọ́n èyí ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá pàdé tí ó fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé e pé iná kò ní í dúró, tí iná sì wá já a kulẹ̀ nípa dídúró.

"Ìyẹn, mo lè gbọ́," ni ó wí níkẹyìn. "Èyí tí ó kù ni mi ò lè gbọ́. Wọ́n mú ọmọ yẹn lánàá. O gbọ́, àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"O sì lọ sùn."

"Mo rò pé wọ́n á fi í sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí mo ń bá ṣe ẹ̀rọ ní Fẹ́sítákì pọ̀, mà. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo ṣe irú èyí, ta ló tún máa pè mí?"

"Gbé bàtà rẹ wọ̀," ni Ẹ̀rínọlá wí. "Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ ga, mi ò fẹ́ gùn ún lẹ́ẹ̀kejì."

*

Ní àgọ́, Henry sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin níwájú Ògúnjìnmí. Awọnlẹ̀ náà gbọ́ ọ tán, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Ẹni tó yẹ kí ẹ tì mọ́lé nìyí, Màdámù. Ẹ mú un."

"Dádì, ta ló ní kó mánéèjì ẹ̀?"

Ògúnjìnmí rọra fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Sẹ́ẹ̀lì wa kéré," ni Ẹ̀rínọlá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, kò sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. "Bí mo bá ní kí n kó gbogbo ẹni tó ti mánéèjì nǹkan kan síbẹ̀, èmi àti ẹ̀yin la jọ máa sùn síbẹ̀ lónìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò ní ẹjọ́ mọ́ pẹ̀lú ọmọ yìí, kí n jẹ́ kó máa lọ."

Ó kọ ọ́. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Kazeem jáde, ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú nítorí pé wọn kò tíì dá bẹ́líìtì rẹ̀ padà. Kò wo Henry. Ìyá rẹ̀ dìde lórí bẹ́ńṣì, ó nu ojú ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí ń nu ojú ìkókó, ọmọ náà sì jẹ́ kí ó nù ún.

Ògúnjìnmí wúkọ́. "Ìyá Kazeem, àṣìṣe ni. Ọmọ yín ò jẹ̀bi. Kó wá sí iṣẹ́ lọ́la, màá ra díìsìkì náà."

Wòsílátù kò gbójú sókè. "Ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibí ni ẹ ti pè é ní ọ̀bàyéjẹ́. Ẹnu géètì yín ni. Ìyàwó ẹni tó ń gbé lókè yín wà níbẹ̀, àwọn tó ń fọ mọ́tò wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì wà níbẹ̀. Ó ṣì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ sọ ọ́."

"Lálẹ́ yìí?"

"Ojú ò tíì ṣú tó bẹ́ẹ̀."

Ògúnjìnmí wo Ẹ̀rínọlá bí ẹni tí ń retí pé òfin yóò gba òun. Òfin ti jókòó, ó ń fọwọ́ ra kókósẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀kùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó mí kanlẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ bọ bàtà padà. Ẹni tí ń lọ tọrọ àforíjì lè yà sí ibòmíràn kí ó tó dé ibẹ̀. Ó ti rí i rí.

Àwọn márààrún jọ rìn wọ kílóòsì náà. Ẹni tí ń ta búrẹ́dì ń palẹ̀ mọ́, àwọn tí ń fọ mọ́tò ń da omi ìdọ̀tí nù, fèrèsé òkè sì ṣí sílẹ̀. Ògúnjìnmí dúró ní ẹnu géètì rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kò rìn jìnnà.

"Ẹ tún un sọ, sà," ni Wòsílátù wí.

Obìnrin kan yọ orí lójú fèrèsé òkè. Ògúnjìnmí gbójú sókè wò ó, ó wo ilẹ̀, ó sì tún un sọ.